Ọ̀já Ojú Ọ̀run

Bí ẹnì kan bá sọ fún ọ pé eruku ni òun ń wò jẹun, wàá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni wàá wá rọra bi í bóyá ara rẹ̀ yá. Tọkọtaya tí mo fẹ́ sọ ìtàn wọn yìí ti gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ títí ó fi sú wọn. Ilé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, tábìlì wọn kọjú síra wọn, eruku ni wọ́n sì ń wò lóòótọ́. Kì í ṣe eruku orí tábìlì o. Eruku tó fọ́n ká ojú òfuurufú ni, láàárín ìràwọ̀ sí ìràwọ̀, èyí tí ojú lásán kò lè rí láéláé.

Eruku yẹn ní ooru. Ìmọ́lẹ̀ tí ìràwọ̀ ń tàn sí i lára ló ń fà mu díẹ̀díẹ̀, á sì tún tú u jáde padà bí oríṣi ìmọ́lẹ̀ mìíràn, èyí tí Ọlọ́run kò fún ojú wa lágbára láti rí. Sátẹ́láìtì kan ń yí ayé po lókè lọ́hùn-ún tó lè rí i. Inú rẹ̀ tutù ju yìnyín lọ, nítorí ẹ̀rọ tí ara tirẹ̀ bá gbóná kò lè mọ ooru ẹlòmíràn. Gbogbo ohun tó bá rí ló ń fi ránṣẹ́ sílẹ̀ ní nọ́ńbà, òbítíbitì nọ́ńbà, tí àwọn èèyàn bíi tọkọtaya yìí á wá jókòó tì títí ẹ̀yìn á fi máa ro wọ́n.

Baba Pọ́ìǹtì ni wọ́n ń pe ọkọ níbi iṣẹ́. Kò tíì dàgbà tó ẹni à ń pè ní baba, kò sì ní irùngbọ̀n kankan, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè gé nọ́ńbà kúrú lójú rẹ̀. Bó o bá ní mẹ́rin, á ní, mẹ́rin pọ́ìǹtì kí ni? Ọkùnrin kan wá bẹ̀ wọ́n wò láti ilé iṣẹ́ mìíràn nígbà kan, ó dúró níwájú gbogbo wọn pẹ̀lú kóòtù tuntun, ó ní ẹ̀ẹ̀mejì lòun wọn ooru ìkùukùu eruku kan, nọ́ńbà kan náà gẹ́lẹ́ lòun sì rí lẹ́ẹ̀mejèèjì, títí dé ìdí pọ́ìǹtì. Ó wá ń retí pátẹ́wọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi o," Baba Pọ́ìǹtì dáhùn. "Àkọ́sórí nìyẹn, kì í ṣe ìwọ̀n."

"Báwo ló ṣe jẹ́ àkọ́sórí?"

"Ìwọ̀n méjì kì í jọra délẹ̀. Ẹ̀rọ á gbọ̀n díẹ̀, nǹkan kan á sáà yẹ̀ níbì kan. Ẹni tó bá wọn nǹkan lẹ́ẹ̀mejì tó rí ohun kan náà, kò wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Ó kàn rántí ti àkọ́kọ́ ni."

Nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, bẹ́ẹ̀ ló rí: àlejò náà ti ṣèèṣì kọ nọ́ńbà àkọ́kọ́ sójú ibi méjèèjì. Ọkùnrin náà làágùn nínú kóòtù rẹ̀. Ìyàwó tẹ ọkọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì títí, kò gbọ́. Nígbà tí wọ́n délé ó bú u, ó ní ṣé kò lè pe àlejò náà sí kọ̀rọ̀ kó tó tú àṣírí rẹ̀ ni? Ọkọ ní nọ́ńbà ò mọ àlejò. Láti ọjọ́ yẹn ni "àkọ́sórí" ti di èdè ilé wọn. Bí ìyàwó bá ní òun ti jẹun nígbà tí kò jẹ nǹkan kan, ọkọ á wò ó lójú, á ní, "Àkọ́sórí." Bí ọkọ bá ní òun ti san owó iná, ìyàwó á ní, "Àkọ́sórí," wọ́n á sì jọ rẹ́rìn-ín. Kò sí irọ́ kankan tó pẹ́ rí nínú ilé yẹn.

Ìyàwó náà ní orúkọ tirẹ̀. Agbálẹ̀ ni wọ́n ń pè é, kò sì bínú sí i. Eruku wà nítòsí wa níhìn-ín náà, tó ń yí oòrùn tiwa po, bí sátẹ́láìtì bá sì ń wo ọ̀nà jíjìn, àárín eruku yìí ló ń gbà wò ó, bí ìgbà tí èèyàn ń wo ìta láti inú fèrèsé tí wọn kò nù. Eruku ilé ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Iṣẹ́ Agbálẹ̀ ni láti ṣírò bí eruku ilé ṣe pọ̀ tó nínú àwòrán kọ̀ọ̀kan, kó gbá a kúrò, kí ohun tó bá ṣẹ́ kù lè jẹ́ ti òkèèrè nìkan. Ó mọ iṣẹ́ náà dójú àmì. Ó tiẹ̀ ń fi í fọ́nnu díẹ̀, kí n má parọ́ mọ́ ọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbá apá ibì kan lójú ọ̀run tán, nǹkan kan sì kù sílẹ̀. Ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, ó gùn, ó tẹ̀ kọrọdọ, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ rí bàìbàì tó bẹ́ẹ̀ tó fi nu ojú kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀mejì kó tó pe ọkọ rẹ̀. Ọkọ wọn ìmọ́lẹ̀ rẹ̀: mẹ́tàdínlógún pọ́ìǹtì mẹ́rin mẹ́fà. Odindi ọ̀sẹ̀ yẹn ló fi nọ́ńbà náà kọrin nínú ilé, nílé ìdáná, nínú balùwẹ̀, títí ìyàwó fi ní tí òun bá tún gbọ́ mẹ́rin mẹ́fà, òun á sun ìta.

Ìyá ọkọ ló fún nǹkan náà lórúkọ. Aránṣọ ni ìyá náà kó tó fẹ̀yìn tì, ojú rẹ̀ sì mú sí ohunkóhun tó bá jọ aṣọ. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ gbé àwòrán náà sí i níwájú, kò bèèrè nǹkan kan rárá.

"Ọ̀já nìyí," ó ní. "Wo bó ṣe tẹ̀. Irú ẹ̀ ni mo fi pọ̀n ẹ́ tó o fi fẹ́ẹ̀ ṣẹ́ mi lẹ́yìn."

Ó di Ọ̀já. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ pàápàá ń pè é bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ pé òkèèrè ni Ọ̀já wà lóòótọ́, ìkùukùu eruku tútù tí ẹnikẹ́ni kò rí rí ni, ibi tí a ó ti máa bí ìràwọ̀ tuntun lẹ́yìn tí gbogbo wa bá ti lọ. Bó bá sì jẹ́ pé ìtòsí ló wà, eruku ilé lásán ni, èyí tí ìgbálẹ̀ fò. Kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ mọ̀ àfi kí wọ́n dúró di ìdajì ọdún, kí ayé ti rìn yí oòrùn dé òdìkejì, kí sátẹ́láìtì tún wo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Bí èèyàn bá jókòó nínú bọ́ọ̀sì, igi ẹ̀bá ọ̀nà á máa sá sẹ́yìn, òkè tó wà lókèèrè á dúró síbi tó wà. Bí Ọ̀já bá dúró, ti òkèèrè ni. Bó bá yẹ̀, ó parí.

Inú ìdúró yẹn ni àìsàn ti dé, bí eré bí àwàdà. Ọkọ kọ́kọ́ ní oúnjẹ ń kórò lẹ́nu òun. Lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ pọ́n, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Ẹ̀dọ̀ ni, àwọn dókítà sì wádìí rẹ̀ títí wọ́n fi dákẹ́. Obìnrin dókítà kan pe Agbálẹ̀ sí kọ̀rọ̀, ó fọwọ́ lé e léjìká, ó ní ohun tó kù tí àwọn lè ṣe ò ju kí àwọn máa mú un rọrùn fún un lọ. Agbálẹ̀ ní ó ṣeun. Ó rìn dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn kó tó mọ̀ pé òun ò rí ọ̀nà mọ́, torí omijé.

Ọkọ gan-an ò bèèrè bóyá òun á yè. Ohun tó ń bèèrè lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ lójoojúmọ́ ni, "Sátẹ́láìtì ti débẹ̀?" Kò tíì débẹ̀. "Ó kù díẹ̀," á ní, "jẹ́ kí n fara dà á díẹ̀ sí i." Ó ti fi àwòrán Ọ̀já han gbogbo nọ́ọ̀sì tó wà ní yàrá tó dùbúlẹ̀ sí. Ó fi han ọkùnrin tó ń nulẹ̀. Nǹkan kan ṣoṣo ló kù tó fẹ́ mọ̀ láyé, gbogbo ilé ìwòsàn ló sì mọ nǹkan náà.

Ìyá ti kó wá sọ́dọ̀ wọn nígbà náà. Ilé òkè ni wọ́n ń gbé, fàráńdà kékeré kan wà lẹ́yìn ilé ìdáná tó kọjú sí ojú ọ̀run gbalaja. Níbẹ̀rẹ̀, alaalẹ́ ni ìyá máa ń jókòó síbẹ̀ lórí àga onígi kan, á gbójú sókè sí ibi tí ọmọ rẹ̀ fi hàn án. Kò rí nǹkan kan, ẹnikẹ́ni ò sì lè rí nǹkan kan, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, ibẹ̀ ò yọ lálẹ́ mọ́. Ó bi ọmọ rẹ̀, ọmọ ní, "Màmá, ìdájí ló kù tí yóò máa yọ." Ni ìyá arúgbó bá bẹ̀rẹ̀ sí í jí ní ìdájí. Agbálẹ̀ á gbọ́ ìró sálúbàtà rẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, á gbọ́ bí ilẹ̀kùn fàráńdà ṣe ń dún, á sì yí ojú sí ògiri.

Nọ́ńbà dé lówùúrọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀. Agbálẹ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun jókòó. Ó ṣí i, ó gbá eruku ilé kúrò bó ṣe máa ń gbá a, ó dúró kí àwòrán jáde. Ọ̀já jáde. Àmọ́ kò sí níbi tó wà. Ó ti yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ó yẹ̀ gan-an, ó tẹ̀ gba ibòmíràn bíi pé kò mọ ibi àkọ́kọ́ rí. Ibi tó ti wà tẹ́lẹ̀ dúdú, ó mọ́ tónítóní.

 Agbálẹ̀ tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta. Kò pẹ́ tó fi rí ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́. Okùn eruku ilé kan wà tó yí oòrùn po, tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbànú, ìṣírò tirẹ̀ kò sì kà á mọ́ ọn. Ìgbálẹ̀ òun gan-an ló fo ibẹ̀. Òun ló fi eruku ilé sílẹ̀, òun ló pe ọkọ òun wá wò ó, òun ló fi lé e lọ́wọ́. Ó fi orí lé tábìlì, ó sunkún débi tí àtẹ bọ́tìnì kọ̀ǹpútà fi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ara rẹ̀ lábẹ́ iwájú orí rẹ̀, lẹ́tà kan ṣoṣo, lẹ́tà kan ṣoṣo, títí ojú kọ̀ǹpútà fi kún.

Ọ̀gá wọn wọlé bá a bẹ́ẹ̀. Obìnrin fìrìgbọ̀n kan ni, tó máa ń fi okùn so awò ojú rẹ̀ kọ́ ọrùn, tó sì máa ń wá a kiri síbẹ̀. Ó wo àwòrán, kò nílò àlàyé.

"Ó yẹ̀," ó ní.

"Èmi ni mo fo ibẹ̀, Ọ̀gá. Eruku ilé ni. Èmi ni."

"Gbogbo wa la wò ó. Gbogbo wa la fo ibẹ̀." Ó fa àga, ó jókòó tì í. "Báwo lo ṣe fẹ́ sọ fún un?"

"Ṣé dandan ni kí n sọ ọ́?"

Ọ̀gá bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ọkùnrin yẹn ò fẹ́ kí wọ́n ṣàánú òun nínú nọ́ńbà rí. Ṣé òní lo fẹ́ kó bẹ̀rẹ̀? Sọ òótọ́ fún un, ọmọ ìyá mi. Ẹ jọ sunkún ẹ̀. Ohun tó dáa jù tó kù fún un láti gbà lọ́wọ́ ẹ nìyẹn."

Agbálẹ̀ gbà. Ó gbà á tọkàntọkàn. Nínú bọ́ọ̀sì tó gbé e lọ sílé ìwòsàn, ó ń ka ọ̀rọ̀ náà sínú: ó yẹ̀, ọkọ mi, ó yẹ̀, eruku ilé ni, ẹ̀bi mi ni. Ó kà á títí tí kò fi dùn ún mọ́, tàbí tó rò pé kò dùn ún mọ́.

Ọkọ ti mọ̀ pé nọ́ńbà á dé lónìí. Ó ti ní kí nọ́ọ̀sì ya irun òun. Ó ti ní kí wọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun fún òun, èyí tó máa ń wọ̀ tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ níwájú èèyàn, ọrùn rẹ̀ sì ń mì nínú kọ́là rẹ̀ bí ọrùn ọmọdé nínú aṣọ bàbá rẹ̀. Wọ́n gbé e sókè, wọ́n fi ìrọ̀rí méjì tì í lẹ́yìn. Bó ṣe rí ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ló gbìyànjú láti jókòó dáadáa.

"Agbálẹ̀," ó ní. Ohùn rẹ̀ ti kéré. "Ó ṣì wà níbẹ̀?"

Gbogbo ohun tó kà nínú bọ́ọ̀sì fò lọ lórí rẹ̀.

"Ó wà níbẹ̀," ó ní.

"Kò yẹ̀?"

"Kò yẹ̀ rárá. Bó ṣe wà ló wà."

Ọkùnrin náà di ojú, ó là á. Omi ti kún inú rẹ̀. "Mélòó ni ìmọ́lẹ̀ ẹ̀?"

 Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló wà lórí Agbálẹ̀ nígbà náà, nọ́ńbà kan ṣoṣo tó wà nínú ilé wọn láti ìgbà yẹn, nínú ilé ìdáná, nínú balùwẹ̀.

"Mẹ́tàdínlógún pọ́ìǹtì mẹ́rin mẹ́fà."

Ó wò ó. Ó wò ó pẹ́ díẹ̀.

"Mẹ́rin mẹ́fà," ó ní.

"Mẹ́rin mẹ́fà."

"O ṣé." Ó na ọwọ́, ìyàwó dì í mú, ọwọ́ náà fúyẹ́. "O ṣé, Agbálẹ̀ mi. O ṣiṣẹ́. Sún mọ́ mi níbí."

Ó gbé orí lé e láyà, ó rọra gbé e, nítorí ìrora. Kò lè rí ojú rẹ̀ láti ibẹ̀. Ó gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, ó sì ń sọ nínú ara rẹ̀ pé ọ̀la, ọ̀la ni màá sọ òótọ́ fún un, kí inú ẹ̀ dùn lónìí nìkan. Nígbà tó ń jáde, ó pàdé ìyá lẹ́nu ọ̀nà yàrá pẹ̀lú fúláàsì tíì.

"Kí ni wọ́n sọ?" ìyá bi í.

"Ó wà níbẹ̀, Màmá," ó ní, ó sì yára kọjá kí ìyá má baà rí ojú òun.

Ọ̀la dé, kò sọ ọ́. Ọ̀tunla dé, kò lè sọ ọ́, torí ọkọ rẹ̀ ti ń sọ ọ́ fún gbogbo èèyàn. Ẹni tó bá wọlé, á ní, "Ẹ bá ìyàwó mi yọ̀, ó ti rí i lẹ́ẹ̀kejì." Bí ó bá sì ku àwọn méjèèjì, á ní, "Tún sọ ọ́ fún mi, bó ṣe jáde lójú kọ̀ǹpútà." Agbálẹ̀ á tún un sọ. Ó ń fi kún un lójoojúmọ́: bí òjò ṣe ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, bí òun ṣe pariwo, bí Ọ̀gá ṣe sáré wọlé tó ń wá awò tó wà lọ́rùn rẹ̀. Ọkọ á máa gbọ́, á máa wò ó lójú, á máa mi orí. Lẹ́yìn náà Agbálẹ̀ á lọ sílé ìyàgbẹ́ àwọn àlejò, á ṣí omi kí ó lè máa dún, á sì sunkún síbẹ̀. Kò nìkan wà rí báyìí láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ẹ. Ẹni kan ṣoṣo tó lè sọ ìbànújẹ́ náà fún ni ẹni tó ń parọ́ fún.

Ọkọ kú lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí Agbálẹ̀ lọ ra omi nísàlẹ̀. Igo omi náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ fún un. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé omi yìí fún un." Wọ́n ní kó jókòó. Ó ní rárá, ó ní omi ló ń bèèrè.

Lẹ́yìn tí wọ́n sin ín tí èrò ti túká kúrò nílé, ó padà síbi iṣẹ́. Tábìlì tó kọjú sí tirẹ̀ ṣófo. Ọ̀gá fún un láyè tó bó ṣe lè fún un, lẹ́yìn náà ó pè é, ó ní àwọn ti kọ́kọ́ gbé ìwé jáde lórí Ọ̀já, kò dáa kí àwọn fi irọ́ sílẹ̀ síta, pàápàá pẹ̀lú orúkọ ẹni tó lọ yìí. Òótọ́ ni. Ó jókòó, ó kọ ọ́: ohun tí a pè ní ìkùukùu òkèèrè kì í ṣe ti òkèèrè, eruku ilé ni, àṣìṣe wà nínú bí a ṣe gbá a. Ó fi orúkọ ara rẹ̀ sí iwájú kí ẹ̀bi lè jẹ́ tirẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ lọ. Kò sí Ọ̀já mọ́ lójú ọ̀run.

Ó wá ku ìyá. Ìròyìn á jáde, ará ilé kan á gbọ́, wọ́n á sọ ọ́ níbi tí kò yẹ. Agbálẹ̀ pinnu pé òun fúnra òun ni yóò sọ ọ́ fún un, lórí fàráńdà, ní ìdájí, níbi tí ìyá ti ń wo ibẹ̀. Ó jí kí ilẹ̀ tó mọ́, ó po tíì méjì, ó lọ dúró síbẹ̀. Ìyá ò wá. Tíì tutù, ilẹ̀ mọ́, ìyá jáde láti yàrá rẹ̀ lẹ́yìn tí oòrùn ti yọ, ó ní káàárọ̀ bí ẹni tó sùn tẹ́rùn. Agbálẹ̀ rò pé ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ó tún jí ní ọjọ́ kejì. Ìyá ò tún wá.

Lọ́jọ́ yẹn ló wá fi ojú sí àga onígi náà. Eruku ti bo ìjókòó rẹ̀, ó nípọn, agbọ̀n aṣọ sì wà lórí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó jókòó síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí ìyá jáde, ó bá a níbẹ̀.

"Màmá, ẹ ò wo Ọ̀já mọ́?"

Ìyá gbé ojú kúrò. Ó ń tún ìró rẹ̀ so. "Mo ti fi í sílẹ̀."

"Láti ìgbà wo? Láti ìgbà tó ti lọ?"

"Ìyàwó mi, jẹ́ ká jẹun."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

Ìyá mí kanlẹ̀. "Ó ní kí n má sọ fún ẹ. Ọmọ mi ni, mi ò lè da ọ̀rọ̀ ẹ̀ nù."

"Ẹ sọ fún mi. Ẹ wò mí, ẹ sọ fún mi."

"Láti ọjọ́ tó o mú ìròyìn ayọ̀ wá ni," ìyá ní. "O pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, o ní ó wà níbẹ̀. Mo wọlé kí n bá a yọ̀, mo bá a tó ń sunkún bí ọmọ kékeré. Mo ní kí ló dé? Ó ní, 'Màmá, ẹ má jí ní ìdájí mọ́, òtútù ń mú yín lásán. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.' Mo ní ṣebí ìyàwó ẹ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi pé ó wà. Ó ní..." Ìyá dúró, ó ń wá ọ̀rọ̀ náà. "Ó ní àkọ́sórí ni."

Agbálẹ̀ di irin fàráńdà mú.

"Mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀," ìyá ń bá a lọ. "Mo bi í, kò dá mi lóhùn. Ó kàn ní kí n má jẹ́ kó o mọ̀ pé òun mọ̀. Ó ní agbára tó ná ẹ kó o tó lè sọ ọ́ pọ̀, kí àwa méjèèjì má jẹ́ kó já sí asán. Ó wá ní kí n bá òun nu ojú kó o tó padà wọlé."

Mẹ́rin mẹ́fà. Mẹ́rin mẹ́fà, ó ní. Ó gbọ́ bí ọkọ rẹ̀ ṣe tún un pè, ó rántí bó ṣe wò ó pẹ́ díẹ̀. Ìwọ̀n méjì kì í jọra délẹ̀. Òun ìyàwó ẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ̀. Gbogbo ìgbà tó ń ní kó tún un sọ, tó ń wò ó lójú, bóyá ńṣe ló ń dúró kó sọ òótọ́ kí wọ́n lè jọ sunkún, bóyá ńṣe ló kàn fẹ́ máa gbọ́ ohùn rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún un mọ́. Wọ́n ti pín ìbànújẹ́ náà sí yàrá méjì, oníkálukú ti ilẹ̀kùn tirẹ̀, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín síra wọn lójú títí ọjọ́ fi pé.

"Kí ni wọ́n ń pè ní àkọ́sórí?" ìyá bi í.

Agbálẹ̀ yíjú sí i.

"Irọ́ ni, Màmá. Irọ́ là ń pè bẹ́ẹ̀ nílé wa."

 Ìyá gbé agbọ̀n aṣọ kúrò lórí àga, ó fi etí ìró rẹ̀ nu eruku orí rẹ̀, ó sì fà á lọ́wọ́ kó jókòó.